Bíìtì rẹ́jísítà díìsìkì IDE ti dàrú mọ́ mi lójú: bitfield àbí #define?

ọmọ_kóòdù:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń kọ OS kékeré kan, orí QEMU (ẹ̀rọ àfarawé inú kọ̀mpútà) ni mo ti ń dán an wò, mo ti wá dé ìdí díráfà díìsìkì báyìí, IDE àtijọ́ yẹn ni, PIO lásán (CPU fúnra rẹ̀ ló ń kó dátà), mi ò tíì fẹ́ gbọ́ DMA (kí díìsìkì máa kó o sínú mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀) sétí rárá. Rẹ́jísítà tó wà ní 0x1F7 yẹn, níbi tí díìsìkì ti ń sọ ipò tó wà, mo ṣe struct oní-bitfield kan fún un (bíìtì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiẹ̀), err (àṣìṣe) ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, drq (dátà ti wà nílẹ̀) wà ní bíìtì 3, drdy (díìsìkì ti ṣe tán) ní 6, bsy (ọwọ́ rẹ̀ dí) ní 7 lókè, mo fi union so ó mọ́ uint8_t, kóòdù náà wá ń kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, `while (!st.drdy)`, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo díráfà tí mo ṣí wò, #define tàbí enum ni wọ́n tò kalẹ̀, 0x80, 0x40, 0x08, nọ́ńbà lóríṣiríṣi. Ṣé àṣà àwọn àgbà lásán ni àbí ìdí kan wà níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kejì, tí mo bá ti fi kọ̀máńdì 0x20 (ka sector) ránṣẹ́, mo máa dúró de drdy, tó bá ti tàn mo máa ka báìtì 512 jáde ní 0x1F0. Nígbà míì dátà gidi ló ń jáde, nígbà míì òdo ni látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Baba_Kánẹ́ẹ̀lì:

Àbúrò, ìdí wà níbẹ̀. C ò ṣòfin ibi tí bitfield máa ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kọ̀mpáílà àti ABI (àdéhùn bí ẹ̀rọ kan ṣe ń to dátà) ló kù sí. GCC lórí x86 máa tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bó o ṣe fẹ́ yẹn, àmọ́ gbé kóòdù kan náà lọ sórí ẹ̀rọ big-endian, ó lè bẹ̀rẹ̀ látòkè, ohun tó o pè ní err á wá di bsy. Díìsìkì ò mọ̀ pé o ní struct kankan.

Èyí tó tún wá burú jù, 0x1F7 kì í ṣe rẹ́jísítà kan, ojúlé kan ni, onílé méjì ló wà níbẹ̀. Tó o bá kà á, status lo rí, tó o bá kọ nǹkan sí i, command lo kọ ọ́ sí. 0x3F6 náà rí bẹ́ẹ̀, tó o bá kà á alternate status ni, tó o bá kọ ọ́ device control ni. Struct kan ṣoṣo ò lè sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ka kóòdù rẹ. Tò wọ́n báyìí:

```
/* 0x1F7, kíkà; DF: díìsìkì ní àbùkù */
#define ST_ERR   (1u << 0)
#define ST_DRQ   (1u << 3)
#define ST_DF    (1u << 5)
#define ST_DRDY  (1u << 6)
#define ST_BSY   (1u << 7)
/* 0x3F6, kíkọ nìkan; NIEN: pa interrupt, SRST: tún díìsìkì bẹ̀rẹ̀ */
#define CTL_NIEN (1u << 1)
#define CTL_SRST (1u << 2)
```

Jẹ́ kí ST_ àti CTL_ máa wà níwájú kó o má lọ gbé bíìtì ibì kan sí ibòmíì. Èmi fẹ́ràn `1u << 7` ju 0x80 lọ, torí bíìtì 7 náà ni ìwé ATA pè é, kò sí pé ò ń ṣírò. Linux lo enum nínú ata.h, ATA_BUSY, ATA_DRQ, ìyẹn náà dáa, debugger á rí orúkọ wọn.

gbẹ́nàgbẹ́nà_bit:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ ti ń dẹ́rù bà á jù. Port I/O lèyí, inb (àṣẹ tó ń ka báìtì kan láti port) ló máa fi kà á wá sínú variable, ẹ̀dà lásán ni struct yẹn ń wò, kò sí bí bitfield ṣe máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kọ nǹkan sí command. OS tí kò ní kúrò lórí x86, ẹ jẹ́ kó lo ohun tó yé e.

Àǹtí_Firmware:

Òótọ́ lo sọ lórí port yẹn, àmọ́ kò ní pẹ́ tó máa fẹ́ AHCI (ọ̀nà tí a ń gbà bá díìsìkì SATA sọ̀rọ̀), inú mẹ́mọ́rì ni rẹ́jísítà tiẹ̀ wà, BAR5 (àdírẹ́sì tó wà nínú ètò PCI rẹ̀) ló ń tọ́ka sí i, bitfield á wá dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo PxIS, rẹ́jísítà tó ń sọ interrupt tó wà nílẹ̀, bíìtì tó bá tàn níbẹ̀, 1 lo máa kọ sí i láti pa á. Tó o bá ní kí bitfield kọ 1 sí ẹyọ kan, kọ̀mpáílà máa ka gbogbo rẹ̀ wá, á tan ìyẹn, á dá gbogbo rẹ̀ padà, gbogbo interrupt yòókù tó ń dúró dè ọ́ ti kú nìyẹn láìjẹ́ pé o dá wọn lóhùn. `|=` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an o, bíìtì tó o fẹ́ pa nìkan ni kó o kọ síbẹ̀. Ẹ má sì yọ u inú 1u yẹn, AE (bíìtì tó ń tan AHCI) inú rẹ́jísítà GHC wà ní bíìtì 31, `1 << 31` ti kọjá agbára int.

Ọmọ_kóòdù, ní ti òdo tó ò ń rí, DRDY kọ́ ló yẹ kó o dúró dè. Bí BSY bá ṣì ń tàn, má gba ọ̀rọ̀ bíìtì yòókù gbọ́. QEMU máa ń tan DRDY pọ̀ mọ́ BSY nígbà tó ṣì ń wá dátà, ìdí nìyẹn tí loop rẹ fi ń kọjá lójú ẹsẹ̀, o wá ń ka 0x1F0 nígbà tí DRQ ò tíì tàn.

```
do s = inb(0x1F7); while (s & ST_BSY);
if (s & (ST_ERR | ST_DF)) return -1;
if (!(s & ST_DRQ)) return -1;
```

Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá fi inw gba word 256 (báìtì méjì-méjì). Tó o bá gbé e lọ sórí ẹ̀rọ gidi, bó o bá ti kọ kọ̀máńdì tán, fún un ní 400 ns kó o tó wò ó, ka 0x3F6 lẹ́ẹ̀mẹrin kó o da ohun tó o rí nù. Má fi 0x1F7 ṣe ìyẹn, kíkà á ń pa interrupt tó wà nílẹ̀. Tó o bá sì rí 0xFF, ó jọ pé kò sí díìsìkì níbẹ̀ rárá, BSY á máa tàn títí ayé, fi òpin sí loop yẹn.

ọmọ_kóòdù:

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, òdo ti pòórá, mo sì ti yí gbogbo rẹ̀ sí mask. SRST ńkọ́? Mo fẹ́ kọ `outb(0x3F6, inb(0x3F6) | CTL_SRST)`, ṣé ó dáa?

Baba_Kánẹ́ẹ̀lì:

Rárá o. Alternate status ni inb yẹn máa gbé wá, o máa wá kó bíìtì status dà sínú control. Device control ò ṣe é kà padà, ìwọ lo máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú variable tìrẹ. Kọ CTL_SRST pọ̀ mọ́ CTL_NIEN tó bá jẹ́ polling lò ń ṣe (ò ń wo status léraléra, o ò dúró de interrupt), dúró ó kéré tán 5 µs, kọ ọ́ padà láìsí SRST, fún un ní 2 ms, kó o wá dúró kí BSY kú. Díìsìkì méjèèjì tó wà lórí channel yẹn ló máa kàn o, nítorí náà tún ẹni tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ yàn ní 0x1F6, 0xE0 fún master, 0xF0 fún slave.