Dán ló ń jẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ ọ́ di idán

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa obìnrin tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni ọ̀dà mọ́tò béèrè lọ́jọ́ Ajé pé kí ni ká máa pe dídán tí ọ̀dà máa ń dán bí a bá kùn ún dáadáa. Bàbá wa kan ní ká pè é ní "ìdán". Ẹ̀gbọ́n mi kan láti Ìlọrin ní "ìkọmọ̀nà" ló dára jù. Láti ìgbà náà la ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ gbà yín láyè: ẹ mú ì-, ẹ fi síwájú dán, ó parí. Ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó máa ka ìwé yìí kò ní rí àmì ohùn lórí rẹ̀, nítorí fóònù ni wọn yóò ti kà á. "Idan moto" ni wọn yóò rí, wọn yóò sì máa retí ìgbà tí péńtà máa pidán. Bí a bá sá lọ sí "àdán", èyí tó ń dorí kodò lórí igi la bá pàdé. Bí a bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọdán la bá, tí àwọn àgbà ń gba atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀. Ilé yẹn ti kún. Ní ti ìkọmọ̀nà, ohun tó bá kọ mọ̀nà kì í dúró. Kí o tó ní o rí i, ó ti lọ. Ta ló fẹ́ kí ọ̀dà mọ́tò òun ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdí tí mo fi ń dá sí i ni pé mo fi ọwọ́ ara mi kun Volkswagen ìjàpá mi lẹ́yìnkùlé nílùú Ìbàdàn. Dúdú ni mo kùn ún. Ọ̀gá péńtà kan ní àdúgbò wa ló ń kọ́ mi, ó máa ń yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a fi wà nídìí ọkọ̀ yẹn, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan fún nǹkan yìí lẹ́nu rẹ̀. "Kò tíì dán." "Jẹ́ kó dán." "Yóò dán ju báyìí lọ." Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn gan-an, ó wò mí títí, ó ní, "Dídán náà ni. Kí ló tún kù?"

Mo rò pé òótọ́ ló sọ, àti pé ó mọ̀ jù wá lọ. Ẹ rántí pé orí tí wọ́n fá náà ń dán, kò sì sẹ́ni tó kùn ún lọ́dà. Aṣọ tí wọ́n rẹ láró tí wọ́n wá fi kùmọ̀ lù, lílù ló ń mú un dán. Nínú dán ti tiwa, ohun tó tẹ́jú tó jọ̀lọ̀ àti ohun tó ń kọ yẹ̀rì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí nínú iṣẹ́: bí ojú ọ̀dà bá tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tó bà á yóò ta padà sí ọ̀nà kan, bí ó bá rí ṣágiṣàgi, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ojú rẹ̀ á sì ṣú. Dídán kì í ṣe nǹkan tí à ń bù lé ọ̀dà.

Èyí yé mi lọ́jọ́ tí mo kun ìpele tó kẹ́yìn tí gbogbo ara ọkọ̀ rí bí èèpo ọsàn. Mo ti fẹ́ po ọ̀dà sí i. Ọ̀gá ní, "Eyí tó wà níbẹ̀ tó. Ńṣe ni kí o dín in kù." Ó rẹ sáńpépà 1200 sínú omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000: bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni sáńpépà ṣe ń kúnná sí. Mo ń họ ọ́, omi dúdú ń ṣàn gba apá mi dé ìgúnpá, ọkọ̀ mi sì ń funfun bí ara ọmọ tí kò rí òrí fi para lásìkò ọyẹ́. Àyà mi já. Ó wá fi àkísà mú kọ́ńpáńdì díẹ̀, ìpara tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kó lè dán, ó ń yí i róbótó-róbótó lórí ìlẹ̀kùn, ibi tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Nígbà tó máa nù ún kúrò, ẹ̀ka mángòrò tó wà lókè orí wa ti wọ inú ìlẹ̀kùn, tewé-tewé. Ojú mi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ́ka sí wáyà iná tó gba ẹ̀yìn ẹ̀ka náà kọjá, ó ní, "Wáyà yẹn ń gbọ̀n. Ó ti dán, ṣùgbọ́n kò tíì gbé òjìji."

Ẹ wò ó, nǹkan méjì nìyẹn, ìwé àbúrò wa sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni bí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ṣe pọ̀ tó, èkejì ni bí àwòrán inú rẹ̀ ṣe gún tó. Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ máa jẹ́ dídán. Ẹ fún èkejì ní ìgbójìji. Ọ̀gá ló ni ín, èmi kàn fi ì- síwájú ni.

Ó ku kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n ń fín lé èyí tó láwọ̀ lórí. Mo dábàá "àwọ̀lékè". Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní mo tún ki àwọ̀ bọ inú ohun tí kò láwọ̀, ṣùgbọ́n wíwọ̀ ni ti ibí yìí, bí ẹ̀wù. Àwọn baba wa kúkú ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí mọ́tò tó dé: adúmáadán, ó dú, ó sì tún dán. Lára ọkọ̀ òde òní, ìpele tó dú kì í dán bó bá gbẹ. Àwọ̀lékè ló ń dán.

Kọ́ńpáńdì àti tínà, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, ní tiwọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. A kò pe ìpàdé kankan kí tòkunbọ̀ tó di ọ̀rọ̀, orúkọ ọjà ni Ọ́mò tẹ́lẹ̀ kó tó di orúkọ gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bú. Àwọn ará Ọsirélíà náà ń pe ọ̀dà mọ́tò ní duco, láti ara ọ̀dà Duco tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe, èyí tí General Motors fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924. Sáńpépà nìkan ló ń dùn mí, nítorí ewé eépín wà tí àwọn agbẹ́gilére fi ń họ igi.

Àbúrò mi, ibi méjì ni kí o tún wò. Funfun tó máa ń bo ọ̀dà sẹ́lúlọ́ọ̀sì lásìkò òjò, o pè é ní "ìtìjú ọ̀dà". Òyìnbó ló ń pè é ní "blushing", wọ́n fi ojú tó ń pọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀. Ojú tiwa kì í funfun bí ìtìjú bá mú wa. Tínà tó ń fò lọ ló mú ojú ọ̀dà tutù, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ fi sẹ̀ sórí rẹ̀. "Ó lẹ́fun" tó o. Èkejì ṣe pàtàkì jù: "oògùn amọ́dàle" fún ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà tùúkéè (2K, ọ̀dà alápá méjì) kó lè le. Jọ̀wọ́ yọ oògùn kúrò níbẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà, aṣọ tí a fi dí imú kò sì lè dá a dúró. Ẹni tó ń kun mọ́tò lẹ́yìnkùlé ní tòsí àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ rí "oògùn" lára agolo yẹn. Amọ́dàle nìkan ti tó, kí "májèlé ni" sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ni àwọn péńtà yín ń pe kílíà?

Wáyà yẹn ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ lára ìlẹ̀kùn ọ̀tún. Bí òjò bá dá, mo máa padà sídìí rẹ̀.