Ìwé àti fọ́tò eré àtẹ̀yìnwá: kí la máa kọ́kọ́ tọ́jú?

Ará Yábàá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ eléré kékeré ni wá. Ìwé eré wa ti ń pọ́n, ikán sì ti dé ìsàlẹ̀ àpótí. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó: Ìwé tí olùdarí eré fọwọ́ kọ nǹkan sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà là. Inú rẹ̀ lẹ ó ti rí ibi tí iná ti yí padà àti ibi tí ìlù ti wọlé. Ẹ̀dà mìíràn ò ní in. Ẹ yọ gbogbo pín-ìnnì irin, torí atẹ́gùn ọ̀sà ń jẹ́ kó dípẹtà, á sì jẹ ìwé. Ẹ sá a sí ibòji kó gbẹ dénú, kì í ṣe oòrùn, tí í pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wá kó o sínú ike onídèérí, lórí pẹpẹ. Bó bá tutù tẹ́ ẹ dé e pa, á bu.

Ará Ṣúrúlérè: Ẹ̀yìn fọ́tò ńkọ́? Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, bírò á là á já: ọjọ́, ọdún, gbọ̀ngàn, ta ló ṣe ipa wo. Glover Memorial Hall, Èkó, 1944: báyìí la ṣe ń tọ́ka sí eré àkọ́kọ́ Hubert Ogunde dòní.

Ará Yábàá: Fídíò ńkọ́?

Ará Ṣúrúlérè: Ẹ má gbà á láti WhatsApp, ó ti fún un pọ̀. Ẹ lọ bá fóònù tó yà á gan-an.