Gbèsè oúnjẹ ilé-ìwé l'Amẹ́ríkà: ẹ wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Maryland:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Íméèlì wọlé láti ilé-ìwé ọmọ mi, wọ́n ní akáǹtì lọ́ńṣì ẹ̀ ti jẹ gbèsè, ó ti lé ní 80 dọ́là. Mi ò bínú pé wọ́n béèrè owó wọn. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Omi nìkan ló ń mu jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń sọ fún wọn pé ebi ò pa òun. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Àǹtí Kafitéríà, Georgia:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Kafitéríà ilé-ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò oúnjẹ. Ọmọ á gbé tíréè ẹ̀ dé iwájú mi, á tẹ nọ́ńbà ẹ̀, orúkọ ẹ̀ á jáde pẹ̀lú iye tó kù nínú akáǹtì. Ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, òfin wọn ni pé tí gbèsè bá ti kọjá iye kan, kí n gba tíréè yẹn lọ́wọ́ ọmọ, kí n wá fún un ní sáńwíìsì oníṣíìsì tútù àti mílíìkì. Oúnjẹ gbígbóná tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, inú ike ìdọ̀tí ló ń lọ, torí wọn ò lè gbé e fún ẹlòmíì mọ́. Ẹ wò ó o, oúnjẹ ti ṣòfò, gbèsè ò dín kọ́bọ̀, ọmọ ti tẹ́ lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, ọmọ kíláàsì kejì, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún un kò tò sórí ìlà mọ́, á lọ jókòó sẹ́yìn á gbé orí lé tábìlì. Mi ò lè fara dà á, mo kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo wà báyìí, òbí ni wọ́n ń pè lórí fóònù, ọmọ ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ bí àwọn yòókù. New Mexico ló kọ́kọ́ ṣòfin ní 2017 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dójú ti ọmọ torí gbèsè oúnjẹ, àwọn ìpínlẹ̀ míì ti tẹ̀ lé e, ó yẹ kó kárí.

Ìdí tí wọ́n fi ń lé òbí kiri ni pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún kafitéríà, wọn ò gbọ́dọ̀ fi di gbèsè tí wọn ò rí gbà. Àpò míì ni dísítíríìtì, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-ìwé àdúgbò, ti máa wá a. Ṣùgbọ́n USDA náà, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti oúnjẹ ilé-ìwé, ti pàṣẹ pé láti July 2017, kí gbogbo dísítíríìtì kọ òfin wọn lórí gbèsè oúnjẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún òbí. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ma, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n máa fún ọmọ jẹ tówó bá tán.

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú, Texas:
Tiwa, fọ́ọ̀mù tí òbí fi ń béèrè oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ló fà á. Àwọn ọmọ ń jẹ ọ̀fẹ́ lọ́dún tó kọjá, ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ ọ̀fẹ́, ọkàn wa balẹ̀. Àṣé 30 ọjọ́ ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ti ọdún tó kọjá lè gbé èèyàn dé, tí fọ́ọ̀mù tuntun ò bá wọlé wọ́n á sọ ọmọ di ẹni tó ń san owó kíkún. Wọ́n kọ lẹ́tà lóòótọ́ o, ilé tí a ti kó kúrò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ a ti fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Nígbà tí wọ́n gba fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ padà, ṣùgbọ́n gbèsè àárín yẹn ò kúrò nílẹ̀. Mo lọ bá obìnrin tó ń mójú tó oúnjẹ ní dísítíríìtì, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má sá fún fọ́ọ̀mù yẹn. Wọn ò béèrè ìwé ìgbélùú lórí ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún èèyàn) ti àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ń fẹ́, ẹni tí ò ní, àyè wà tó máa máàkì pé òun ò ní. Fọ́ọ̀mù kan ló kárí gbogbo ọmọ inú ilé. Ìgbàkigbà nínú ọdún lẹ lè kọ ọ́, tíṣẹ́ bá bọ́ ní February, ẹ kọ ọ́ ní February. Tówó tó ń wọlé ò bá ju 130 pasẹ́ǹtì ìwọ̀n òṣì tí ìjọba là kalẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, títí dé 185, owó lọ́ńṣì ò gbọ́dọ̀ ju 40 sẹ́ńtì. Owó kí tax tó yọ ni wọ́n ń wò o, ibẹ̀ ló ti ń dun ọ̀pọ̀ wa, torí èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé fún màmá lóṣooṣù, wọn ò ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí màmá bá wà lọ́dọ̀ yín níbí, tí ẹ jọ ń jẹ jọ ń mu, ẹ kà á mọ́ àwọn ará ilé, ìyẹn lè mú kí ẹ wọ inú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Minnesota:
Níbí, láti 2023 gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ló ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọmọ bá gba abọ́ kejì, ó máa sanwó, torí náà ẹ kìlọ̀ fún wọn. Kó tó di pé òfin yẹn dé, Philando Castile tó ń bójú tó kafitéríà ilé-ìwé kan ní St. Paul a máa fi owó ara ẹ̀ san fún ọmọ tí ò ní. Ọlọ́pàá yìnbọn pa á ní July 2016. Àwọn èèyàn dá owó ní orúkọ ẹ̀, wọ́n fi san gbèsè oúnjẹ àwọn ọmọ. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ mo máa ń gbàdúrà fún ìyá ẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Maryland:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bá wa tọ́ wọn. Mo ti béèrè ìwé òfin yẹn, mo sì ti sọ fún ọmọ kó lọ gba oúnjẹ ẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ owó, èmi ni kó gbé e wá bá. Alẹ́ yìí ni màá kọ fọ́ọ̀mù. Bọ̀dá, àbúrò ọkọ mi ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, ó ń dá jẹun, ó ń dá náwó ẹ̀. Ṣé kí n kà á mọ́ wa?

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú, Texas:
Ẹ má kà á ma, owó tiẹ̀ náà ẹ má kọ ọ́. Àwọn tí ẹ jọ ń náwó pọ̀ tí ẹ jọ ń jẹun ni wọ́n ń bèèrè.