Ṣé Toledo nìkan ni, àbí ká fi Segovia kún un?

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Èmi àti màmá mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, yóò wà ní Madrid lóṣù kẹwàá. Àwọn afinimọ̀nà kan ní àwọn lè mú wa wo Toledo àti Segovia, ìlú àtijọ́ méjì nítòsí Madrid, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Toledo nìkan tó wò dalẹ́: Kàtídírà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1226, tí wọn kò sì parí títí di 1493, mọ́ṣáláṣí kékeré ọdún 999 tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà, àti sínágọ́gù Santa María la Blanca, tí òun náà di ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ìjọ Àgùdà ni màmá mi, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun kánjú nínú Kàtídírà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ṣé àwọn afinimọ̀nà máa ń dúró de àgbàlagbà lórí àwọn ọ̀nà olókùúta tó ń gòkè yẹn, àbí kí á kúkú wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Atocha ní Madrid, kí á wá afinimọ̀nà tiwa nígbà tí a bá dé Toledo?