Ọ̀rọ̀ lórí "inúnibíni", "ajẹ́rìíkú" àti ẹni tí kò sẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé, bí àǹtí wa ní Ìkòròdú ṣe ní òun ń tú ìròyìn kan sí Yorùbá fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìròyìn nípa àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pa nítorí ìgbàgbọ́ wọn àtàwọn tó ń gbèjà wọn, àti pé "inúnibíni" inú Bíbélì ò ká ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó ti fúyẹ́ jù. Bàbá tó fèsì ní ká kúkú jù ú nù, ká máa kọ "ìfìyàjẹni nítorí ìgbàgbọ́". Ẹ má bínú sí mi bàbá, mi ò fara mọ́ jíjù ú nù yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Badagry ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè ní inúnibíni, ọmọbìnrin kan ní ìgbà tí tíṣà ò bá fẹ́ràn èèyàn ni, òmíràn ní ohun tí orogún màmá òun ń ṣe sí wọn ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Àwa àgbà la sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà la máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ inúnibíni ọ̀gá níbi iṣẹ́, inúnibíni lánlọ́ọ̀dù, inúnibíni aládùúgbò. Nígbà tó wá di ọjọ́ tá a fẹ́ gbàdúrà fún àwọn ará Yelwata ní Benue, àwọn tí wọ́n ya bò lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2025 tí wọ́n pa, tí wọ́n sun iná mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà la tún mú, ó sì bọ́ lẹ́nu wa bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: inú, bí, ni. Inú ẹni tó ń ṣe é ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nínú apani ló sọ, kò sọ ohun tójú ẹni tí wọ́n pa rí. Ibẹ̀ yẹn bàbá gba òótọ́ sọ. Àmọ́ ẹ rántí ohùn tó bi Sọ́ọ̀lù lọ́nà Damásíkù pé kí ló dé tó fi ń ṣe inúnibíni sí òun, Sọ́ọ̀lù tó ń wọ́ tọkùnrin tobìnrin jáde nínú ilé tó ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n, tó dúró níbi tí wọ́n ti ń sọ Stéfánù lókùúta. Ọ̀rọ̀ náà ti ru ẹ̀jẹ̀ rí o. Àwa la bu omi là á.

Àwọn tó sì tú Bíbélì náà sí Yorùbá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún 1845 ni Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú wa níbí, ó wà níbí tó fi di 1846 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí torí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó yẹ kó gbà wọ́n ti kú, ilé alájà tí àwọn ajíhìnrere kọ́ níbí ṣì wà ní Màrínà, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Ní 1849 wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ tuntun ní Abẹ́òkúta, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọdún kejì, 1850, ni ìwé Róòmù jáde lédè wa. Inú ìwé Róòmù yìí náà la ti ń kà á pé ta ni yóò yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Kristi, ìpọ́njú ni, tàbí wàhálà, tàbí inúnibíni, tàbí ìyàn, tàbí ìhòòhò, tàbí ewu, tàbí idà. Ẹ wò ó dáadáa, idà dá dúró láyè tiẹ̀! Pọ́ọ̀lù ò sọ pé kí inúnibíni nìkan gbé gbogbo ẹrù. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Ká fi inúnibíni sílẹ̀ níbi tó wà, ṣùgbọ́n ká máa dárúkọ idà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ idà.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Ní oṣù kẹwàá 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kó ilé àwọn Kristẹni, tí ọ̀pọ̀ wọn sá wá sí Èkó, tí wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́tta, kí ni wọ́n pe ọjọ́ náà? Ìfọ́lé. Ó tán. Ohun tí ojú rí ni wọ́n sọ. Àti pé ìjà tó wà láàárín ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó àti àwọn Ẹ̀gbá wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan, síbẹ̀ "Ìfọ́lé" ò parọ́ mọ́ ẹnì kankan, torí ẹni tí wọ́n fọ́ ilé ẹ̀, wọ́n fọ́ ilé ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí àǹtí wa fi èyí sọ́kàn, torí ní Àárín Gbùngbùn Nàìjíríà níbẹ̀ yẹn, níbi tí Benue wà, wọ́n ṣì ń jiyàn pé ṣé ilẹ̀ ni, ṣé màlúù ni, ṣé ẹ̀sìn ni, wọ́n á jiyàn títí tí wọn ò ní rántí òkú mọ́. Tí wọ́n bá sun abúlé, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n sun abúlé. Tí ẹni tó ṣe é bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé torí pé wọ́n jẹ́ Kristẹni ni, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kedere.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ tuntun kì í dúró, ẹ wo "agbésùnmọ̀mí" tí àwọn oníròyìn ń lò, inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún kíkó ìlú onílùú ni wọ́n ti fà á yọ, mọ́mì mi tí kò lọ iléèwé mọ̀ ọ́n.

Ó kan "ajẹ́rìíkú". Ọ̀rọ̀ tó dára ni, mi ò ní jẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kàn án, ó jẹ́rìí, ó sì kú, àwọn Gíríìkì pàápàá, ẹlẹ́rìí ni ìtumọ̀ tiwọn. Àwọn ọkùnrin 21 tí wọ́n pa létí òkun ní Líbíà ní 2015, 20 ọmọ Íjíbítì àti ọmọ Gánà kan, ó bá wọn mu rẹ́gí. Ti Ọ̀wọ̀ ńkọ́, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù kẹfà 2022, ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, níbi tí èèyàn bí ogójì ti kú? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan nípa ìgbàgbọ́ wọn kí wọ́n tó yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní torí ìyẹn wọn kì í ṣe ajẹ́rìíkú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wíwà tí wọ́n wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn ni?

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún gan-an ni ẹni tí kò kú. Leah Sharibu wà lára àwọn ọmọbìnrin 110 tí àwọn Boko Haram kó ní iléèwé kan ní Dapchi ní oṣù kejì 2018, ọmọ ọdún 14, wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù padà lóṣù kẹta, wọ́n mú òun dúró torí ó kọ̀ láti fi Jésù sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ajẹ́rìíkú nínú àdúrà, ẹ ti pa á lẹ́nu yín kó tó kú. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ajẹ́wọ́", rárá o, olè ló ń jẹ́wọ́, ìyàwó tó ṣàgbèrè ló ń jẹ́wọ́ létí wa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi mú "aláìsẹ́" wá, torí Pétérù sẹ́, òun ò sẹ́. Arákùnrin wa ní Ẹ̀pẹ́ ti dá mi lóhùn pé tí a ò bá fi àmì sí i lórí fóònù gbogbo èèyàn á kà á sí "aláìṣẹ̀". Òótọ́ ni, ó sì dùn mí, torí aláìṣẹ̀ náà ni ọmọ yẹn. Nítorí náà mo yí i sí "aláìsẹ́gbàgbọ́", ó gùn díẹ̀ àmọ́ kò ṣeé ṣì kà.

Àwọn tó ń gbèjà wọn wá ńkọ́? Àǹtí kọ "alágbàwí". Kò burú, àmọ́ Jésù lọ́dọ̀ Baba ló máa ń wá sọ́kàn wa, ẹni tó dúró tó ń sọ̀rọ̀. "Agbẹjọ́rò" ti jẹ́ ti lọ́yà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Asia Bibi ní Pakístánì, obìnrin Kristẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko, tí ọ̀rọ̀ omi mímu dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní 2010 pé ó sọ̀rọ̀ òdì. Gómìnà Punjab, Salman Taseer, gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ rù, Mùsùlùmí ni Taseer o, ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló yìnbọn pa á ní 4 oṣù kìíní 2011. Oṣù méjì kò pé tán, wọ́n tún pa Shahbaz Bhatti, mínísítà fún àwọn ẹlẹ́sìn kéékèèké. Obìnrin náà jàre nílé ẹjọ́ tó ga jù ní 31 oṣù kẹwàá 2018, àwọn méjèèjì ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ ò lè pe ìyẹn ní alágbàwí lásán. Olùgbèjà ni wọ́n, wọ́n gba ìjà ẹni ẹlẹ́ni sọ́rùn. Ẹni tó ní "ìjà" tó wà nínú ẹ̀ le jù, mo bi í, nígbà tí màmá ẹ gbèjà ẹ ládùúgbò, ṣé ó di jàǹdùkú ni?

Mo ti bá àǹtí tún ojú ìwé kejì kọ báyìí. "Inúnibíni" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ibi tó kù, ohun tí wọ́n ṣe gan-an la kọ: wọ́n pa, wọ́n sun, wọ́n jí gbé, wọ́n lé kúrò nílé. "Olùgbèjà" wà níbẹ̀, "aláìsẹ́gbàgbọ́" náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ní èyí tó dára ju ìkẹyìn yìí lọ ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.