Ilé ìgbafẹ́ tí a ti ń dáná fúnra ẹni ní erékùṣù Eigg, Scotland: iná, fẹ́rì àti oúnjẹ

ÌyáÌbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin, àgbà 2 àti ọmọdé 2, fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Eigg nínú oṣù kẹfà. Ilé kan ní abúlé Cleadale la fẹ́ gbà, a ó máa dáná fúnra wa. Onílé kọ ọ́ pé iná ilé ò gbọ́dọ̀ ju 5 kW (kilowáàtì, ìwọ̀n agbára iná tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan náà) lọ, kí a má sì gbé mọ́tò wá. Kí ni 5 kW yẹn lè gbé? Báwo la ṣe máa kó oúnjẹ débẹ̀? Kí ló tún yẹ ká béèrè ká tó sanwó?

Oníná: Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Eigg ò so mọ́ wáyà iná tó kárí Scotland. Láti 2008 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń pèsè iná tiwọn láti ara omi tó ń ṣàn wá láti orí òkè, afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Jẹnẹrétọ̀ dísù ló ń dí àlàfo bí ìwọ̀nyí ò bá tó. Kó lè kárí ni wọ́n ṣe fi 5 kW sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè lo iná láti àárọ̀ dalẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é. Àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lásìkò kan náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kẹ́tù nìkan lè jẹ 3 kW, ófùn bíi 2, hítà kékeré 2. Bí ófùn àti hítà bá wà ní títàn, tí ẹnì kan wá tẹ kẹ́tù, iná ti lọ nìyẹn, ẹ ó sì máa retí àwọn tó ń mójú tó o kí wọ́n wá dá a padà. Gílóòbù, fíríìjì àti fóònù ò tó nǹkan. Ohunkóhun tó bá ń gbóná ni kí ẹ ṣọ́, títí kan ẹ̀rọ ìgbẹrun. Ẹ se omi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí ẹ dà á sínú fúláàsì. Kí ẹ sì béèrè bóyá gáàsì ló wà fún ìdáná. Bó bá jẹ́ gáàsì, ìdajì ìṣòro ti tán.

Atúkọ̀: Òótọ́ ni ti mọ́tò, àlejò kì í gbé e lọ. Ẹ fi sílẹ̀ ní Mallaig, ìlú tí fẹ́rì ti ń gbéra, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow Queen Street. Ó ń gbà ju wákàtí 5 lọ, ibi tó ń dúró sí ò sì jìnnà sí èbúté. Láti ibẹ̀, fẹ́rì ilé iṣẹ́ CalMac tó ń jẹ́ Lochnevis ń lo wákàtí kan lé díẹ̀. Kì í dé Eigg lójoojúmọ́, nítorí náà àtẹ àkókò fẹ́rì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó yan ọjọ́ tí ẹ máa gbalé. Ìgbì lè dá a dúró, kódà nínú oṣù kẹfà. Ẹ má fi ìrìn ọkọ̀ òfuurufú sí ọjọ́ tí ẹ ń kúrò níbẹ̀ láé.

Ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́bàá èbúté ní Galmisdale, àmọ́ fẹ́rì yẹn kan náà ló ń kó ọjà wá fún un. Ọjọ́ tí fẹ́rì ò bá wá, búrẹ́dì àti mílíìkì ló ń kọ́kọ́ tán. Ẹ ra èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ní ìlú Fort William tàbí ní ṣọ́ọ̀bù Co-op tó wà ní Mallaig, kí ẹ fi ti ọjọ́ 2 lé e, oògùn náà bẹ́ẹ̀. Fún ẹni 4: ìrẹsì kílò 3, ànàmọ́ òyìnbó kílò 5, ẹyin 24, mílíìkì tí kì í tètè bàjẹ́ lítà 6. Àpótí oníke tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, torí páálí á rà bí òjò bá pa á. Kó má ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé sí i lára gàdàgbà, torí ẹrù ilé púpọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Cleadale ju máìlì 3 lọ sí èbúté; ẹ bá onílé ṣètò ọkọ̀ ṣáájú.

Àdùkẹ́: Ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè ni nọ́ńbà láísẹ́ńsì. Òfin Scotland ní kí ilé tí àlejò ń gbà fún ìgbà díẹ̀ ní in láti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí nọ́ńbà náà sì hàn nínú ìpolówó. Ẹ béèrè omi pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ omi orísun tó ń gba abẹ́ iná UV (ìtànṣán tó ń pa kòkòrò àrùn) kọjá, ìgbà tí iná bá lọ ni UV náà kú. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún.

Bí sítóòfù onígi bá wà, ẹ ṣí ihò atẹ́gùn rẹ̀ pátá. Ẹ to igi ńlá 2 sísàlẹ̀, igi wẹ́wẹ́ 8 sórí wọn ní ìdábùú ara wọn, kí ẹ ki bébà gbígbẹ sáàárín, kí ẹ ṣáná sí i láti òkè. Ó di bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó dín atẹ́gùn kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tètè pa á dé, igi á máa rú èéfín, gíláàsì ilẹ̀kùn á dúdú, ọ̀dà á sì lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín, òun ló ń gbiná níkẹyìn. Igi tútù ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹ rí i dájú pé alámù carbon monoxide (gáàsì olóró tí a kì í gbóòórùn rẹ̀) ń ṣiṣẹ́. Garawa onírin ni kí ẹ kó eérú sí, níta, torí ẹyinná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

ÌyáÌbejì: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn kòkòrò ńkọ́?

Àdùkẹ́: Midge, kòkòrò tíńtín tó ń jẹni, ń pọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ díẹ̀, wọn ò lè fò. Ẹ ti fèrèsé kí ẹ tó tanná, kí ẹ ra àwọ̀n orí fún àwọn ìbejì. Eégbọn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, torí ó lè kó àrùn Lyme ranni. Lálaalẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí wọn. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ìyọ-eégbọn dì í mú níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kí ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má sì fi epo tàbí iná kàn án.