Ẹ gbà mí o, fọ́tò nìkan ni wọ́n ya lójú ọmọ mi, wọn ò fún wa lóògùn

Ìyá Bọ̀bọ̀: Inú ń bí mi, ẹ̀yin ará ilé. Aago mẹ́rin ìdájí la jí ní Ìkòròdú, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, òjò pa wá dé Èkó. Nọ́ọ̀sì ń kanra bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Wọ́n kán nǹkan sí i lójú, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kó má ṣẹ́jú. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún! Àjọ oṣù mẹ́ta ló bá a lọ. Wọ́n ní ká padà wá yà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé fọ́tò ni yóò wo ojú sàn ni?

Alhaja Sábọ̀: Ọmọ ọdún mélòó? Kí ni wọ́n pe àìsàn náà? Owó nìkan lẹ ń kà fún wa.

Bàbá Ìjẹ̀dè: Gílókómà ló ń ṣe èmi náà. Alaalẹ́ ni mò ń kán oògùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún un.

Ìyá Aláṣọ: Ẹ kán oyin ìgàn sí i.

Alhaja Sábọ̀: Oyin kẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ kán an sójú tiyín ná.

Ìyá Aláṣọ: Ìyá mi àgbà lò ó, ó sì ríran títí ó fi kú.

Ìyá Bọ̀bọ̀: Ọdún 15 ni. RP (retinitis pigmentosa) ni wọ́n kọ síwèé. Tí NEPA bá ti múná lọ, ògiri ló ń kọlù.

Bọ̀dá Onígíláàsì: Màmá, RP kì í ṣe gílókómà. Rẹ́tínà, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, ló ń kú díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò tí wọ́n yà fún un yẹn, OCT ni wọ́n ń pè é, ó ń fi ìpele rẹ́tínà hàn bí ẹni la àlùbọ́sà sí méjì. Wọ́n á wọn ibi tó ṣì yè, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń yára sí. Bí omi bá kó sí àárín rẹ́tínà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, ìyẹn sì ní oògùn. Àìsàn ìdílé ni RP. Ta ló tún ní in?

Ìyá Bọ̀bọ̀: Kò sẹ́nì kankan.

Alhaja Sábọ̀: Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà.

Bọ̀dá Onígíláàsì: Luxturna lorúkọ ẹ̀. 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀, àwọn tí RPE65, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, bà jẹ́ lára wọn nìkan ló wà fún. Ẹ má tíì ta ilẹ̀.

Ìyá Bọ̀bọ̀: Ẹ má bínú. Àbúrò mi ọkùnrin ní Ìgbógbó ti ń fi ọ̀pá rìn. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ọkọ mi jókòó níwájú dókítà, n ò lè sọ ọ́.

Bọ̀dá Onígíláàsì: Háà, Màmá! Ó jọ pé ọ̀dọ̀ yín ló gbà wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ojú tiyín náà. Àmì ẹ̀ lè hàn nínú fọ́tò bí ẹ tilẹ̀ ń ríran dáadáa. Ṣé ẹ tún ní ọmọkùnrin?

Ìyá Bọ̀bọ̀: Ọ̀kan, ọdún 8. Láti oṣù tó kọjá, kì í jáde lọ tọ̀ lálẹ́ láìmú tọ́ọ̀ṣì.